"Àbùdá ẹkùn" kọ́ o: ẹni bíni là á jọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa Táílándì bi wá pé kí la lè pe bí ojú àti àwọ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń yàtọ̀ láti ẹkùn dé ẹkùn. Wọ́n ní "àbùdá ẹkùn" ló wá sí àwọn lọ́kàn. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, kò wọ̀ mí létí.

Ẹni tó bá ṣàdédé kà á lè rò pé ẹranko inú igbó lẹ ń sọ. Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ pé ilẹ̀ ló bí ojú. Yorùbá ní ẹni bíni là á jọ. Wọn ò ní ibi tí a ń gbé là á jọ.

Ẹ wo ibẹ̀ ná. Àwọn ẹ̀yà Mon àti Khmer ti wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín Táílándì kí àwọn elédè Táì tó sọ̀ kalẹ̀ láti gúúsù Ṣáínà. Èdè àlejò ló borí, ṣùgbọ́n onílé ò kó lọ: wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bímọ. Nígbà tí Bangkok di olú-ìlú ní 1782, àwọn Teochew, ẹ̀yà kan láti gúúsù Ṣáínà, ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé. Kódà Ọba Taksin tó jẹ ṣáájú ìgbà yẹn, Teochew ni bàbá wọn. Ní Isan, ìhà àríwá ìlà-oòrùn Táílándì, ẹ̀yà Lao ló pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú wọn, ogun Siam, orúkọ Táílándì àtijọ́, ló kó àwọn baba ńlá wọn sọdá odò Mekong, pàápàá nígbà tí wọ́n fọ́ Vientiane, olú-ìlú àwọn Lao, ní nǹkan bí 1828. Ní Pattani àti Yala, ní gúúsù pátápátá, ẹ̀yà Malay ló pọ̀ jù. Ẹkùn wo ló wá ṣe é?

Ẹnì kan dábàá "àjọbí". Ó dùn létí, àmọ́ ìbátan ló ń sọ, kò sọ ìrísí. Bí a bá sì ní ká fa "ìjọ" yọ lára "jọ", ṣọ́ọ̀ṣì la bá ara wa.

"Ìrísí àjogúnbá" ni tèmi. Àléébù tirẹ̀ ni àwọ̀: àgbẹ̀ Isan tó ń gbin ìrẹsì, oòrùn oko náà wà lára dúdú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àwọ̀ sọ́tọ̀ nígbà náà.

Ó ku "Táì". Àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà "h" ya Thai, ará orílẹ̀-èdè náà, sọ́tọ̀ kúrò lára Tai, ìdílé èdè tó kó Lao, Shan àti Zhuang mọ́ra. Etí Yorùbá ò lè gbọ́ "h" yẹn. "Ará Táílándì" àti "elédè Táì" ni kí ẹ lò, nítorí Malay Yala jẹ́ ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ti ìkejì.

Ẹni tó bá ní èyí tó ṣe ṣókí ju "ìrísí àjogúnbá" lọ, kó gbé e wá.