Ewé Tó Ń Bo Ọ̀sà: Ìrírí Àwa Tí A Ń Bá Omi Ṣiṣẹ́

Awakọ̀ ojú omi, Bàríga

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ewé orí omi tó ń bo ọ̀sà Èkó, èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tí ẹ dá sílẹ̀ níbí yìí, àwa tó ń ṣẹlẹ̀ sí rèé. Ìkòròdú sí Èbúté Èrò ni mo ń ná. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ewé yìí á bo ojú ọ̀sà débi pé àlejò á rò pé ilẹ̀ ni.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, èrò kún ọkọ̀, a kò tíì dé abẹ́ afárá Third Mainland tí ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà. Mo pa á, mo gbé e sókè. Gbòǹgbò ewé náà ti wé mọ́ pròpélà gírígírí, ó dúdú, ó gùn bí irun. Mo ń fi ọ̀bẹ gé e, omi sì ń gbé wa lọ síbi òpó afárá. Ìyá àgbà kan ń gbàdúrà, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń pe ọ̀gá wọn lórí fóònù. Ó tún ti dí ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tó ń tù ú lára. Ká ní mi ò tètè pa á ni, ẹ́ńjìnnì ti jóná nìyẹn.

Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Agbègbè odò Amazon, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ló ti wá. Òdòdó rẹ̀ tó rẹwà làwọn èèyàn rí tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé. Ọdún 1984 ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, lójú omi Àgbádárìgì. Láti orílẹ̀-èdè Benin lomi ti gbé e wọlé. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ kò bá a wá, ló bá rí ààyè gbilẹ̀. Ìyá ewé á na ẹ̀ka, ọmọ á hù lórí ẹ̀ka náà, ọmọ á já, á bá tirẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré, ó lè di ìlọ́po méjì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi iyọ̀ á ti òkun wọ inú ọ̀sà, ewé á pọ́n, á sì rà. Gbogbo wa á máa dúpẹ́ pé ó ti lọ. Kò lọ síbì kankan! Omi iyọ̀ kì í dé inú kánáàlì àti odò tó ń ṣàn bọ̀ látòkè, bí odò Ògùn. Ibẹ̀ ló fara pa mọ́ sí. Hóró rẹ̀ tó bá sì rì sínú ẹrẹ̀ lè lo nǹkan bí ọdún 20 níbẹ̀ kó tó hù. Òjò àkọ́kọ́ báyìí, ó tún ti dé. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò tíì pọ̀ ló yẹ ká kó o kúrò ní kánáàlì àdúgbò wa. Bó bá ti bo ọ̀sà tán, iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ló kù.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹgbẹ́ mi, èyí tẹ́ ẹ bá gé kúrò lára pròpélà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú padà sómi. Ègé kékeré lè di odindi. Inú àpò ni mo ń kó o sí, mo sì ń sá a sórí ilẹ̀, lọ́nà jíjìn sómi, títí á fi gbẹ.

Ìyá ẹlẹ́ja, Mákòkó

Bọ̀dá awakọ̀, ẹ ṣeun. Apẹja lọkọ mi. Àwọ̀n tá a fowó àjọ rà, ewé yìí á wọ́ ọ lọ tàbí kó fà á ya. Ibi tó bá bò, oòrùn kì í ráyè wọ inú omi. Bó bá tún ń rà, atẹ́gùn tẹ́ja ń mí á tán nínú omi, ẹja á kú tàbí kó sá lọ. Ẹ̀fọn ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn kan ní ká da oògùn tó ń pa koríko sí i. Ṣé ó dáa?

Awakọ̀ ojú omi, Bàríga

Ìyá wa, èmi ò fara mọ́ ọn. Inú omi yẹn náà la ti ń kó ohun tá à ń jẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, á rà sínú omi, ẹja á tún fara gbá a. Ní Benin àti ní adágún Victoria, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Neochetina, ará ìlú ewé náà gan-an, ni wọ́n tú sí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní fi ohun ọ̀gbìn ṣe oúnjẹ. Kì í yára o, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Olódòdó, Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Oníbàárà kan láti Ìkòyí ní kí n bá òun wá òdòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn fún odò kékeré inú ọgbà òun. Ó rò pé ojúoró ni, èyí tá a fi ń gbàdúrà pé ojúoró ní í lékè omi. Mo ní, “Màámi, ẹ wò ó dáadáa.” Ojúoró kò ní igi ewé, ewé rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́. Ti àlejò yìí ń dán, igi ewé rẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òṣíbàtà ni mo gbìn fún wọn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, inú ẹrẹ̀ ló ti ta gbòǹgbò, omi kì í gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ fún ọmọ tó ń tọ́jú ọgbà wọn pé bó bá ń fọ odò náà, orí koríko ni kó da omi àti ewé ibẹ̀ sí, kó má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò yẹn, inú ọ̀sà ló ń já sí tààrà.