Ẹ gbà mí o, ìbọn tuntun tí mo rà fún elk (ẹran ńlá bí àgbọ̀nrín) ń já mi kulẹ̀

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Inú mi ò dùn rárá, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nílé, torí ìyàwó mi ti ní kí n má dárúkọ ìbọn sí òun létí mọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ òru ní ọsibítù kí n tó kó owó ìbọn yìí jọ. Ráífù fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tó pọ́ùn 6 kí n tó gbé skóòpù (awò tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán) lé e. Ẹni tó tà á fún mi fi ẹnu dídùn bá mi sọ̀rọ̀ títí, ó ní ní 100 yáàdì, kọ́bọ̀ kan á bo ihò mẹ́ta mọ́lẹ̀. Irọ́ ni! Ní Sátidé, ihò kan lọ sókè, ìkejì lọ sápá ọ̀tún, ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá pépà. Ínǹṣì 4 ló wà láàárín wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ò mọ́. Bí mo bá yìn ín tán, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń gbá bóòtù (irin tó ń ti ìdí bárẹ́ẹ̀lì pa) kó tó ṣí. Ìbọn owó gọbọi! Nígbà tí mo wá délé, mo fẹ́ yọ ọta kan tí n kò yìn, orí ọta há sínú bárẹ́ẹ̀lì, ìkarahun nìkan ló jáde, ẹ̀tù sì dà sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó rántí owó skóòpù, ó rántí owó ilé-ìwé ọmọ, ó rántí bàtà tí n kò rà fún òun láti ọdún tó kọjá.

Ilé ìtajà ní ìbọn tí ènìyàn bá ti yìn, àwọn kì í gbà á padà. Mo sì ti gba láísẹ́ńsì elk ti Colorado fún October. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n pààrọ̀ bárẹ́ẹ̀lì ni, àbí kí n tà á?

Àkànní Houston:
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí tipẹ́ pé ìbọn fẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ìbọn. .30-06 ni tèmi, ó wúwo bí ọmọ odó, ọdún 1906 ni wọ́n ti gbé irú ọta rẹ̀ jáde, ó ṣì ń pa ẹran dòní. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Texas, ẹlẹ́dẹ̀ igbó mẹ́ta ni mo fi pa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìkejì nínú wọn sanra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ tà á.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ dúró ná. Ẹ gbé ìbọn tó ní ọta lẹ́nu láti pápá ìyìnbọn wọ inú ilé tí ọmọ wà? Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ìyàwó yín gbìyànjú.

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba ẹ̀bi ìyẹn. Àárẹ̀ ló mú mi, òru ni mo fi ṣiṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà. Ìbéèrè mi kọ́ nìyẹn.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má tà á, ẹ má sì pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ dáhùn ìwọ̀nyí fún mi: irú ọta wo ló ń jẹ? Ìyìn mélòó lẹ yìn láìjẹ́ kó tutù? Ọta inú páálí ni, àbí èyí tí wọ́n fọwọ́ ki? Bó bá jẹ́ àfọwọ́kì, ta ló ki í, inú ìwé wo lẹ sì ti mú ìwọ̀n ẹ̀tù? Ẹ sì wo ìdí ìkarahun tí ẹ ti yìn: ṣé práímà rẹ̀ (ohun kékeré tó ń tan ẹ̀tù) ṣì yípo létí, àbí ó ti tẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lù ú?

Bóòtù tó le àti orí ọta tó há, n kò fẹ́ràn méjèèjì.

Kọ́lá ọmọ Òkèhò:
Síkúrúù skóòpù ni, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lo ìdè tó ní ìwọ̀n, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń dè é. Ìbọn fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń ta sẹ́yìn gan-an, ìyìn mẹ́wàá, skóòpù ti mì. Ẹ tú u, ẹ nu epo kúrò lára síkúrúù, ẹ dè é bí ìwé skóòpù ṣe wí. Síkúrúù méjì tó de ìbọn mọ́ igi ìdí rẹ̀ náà ń kọ́?

Títí Maryland:
Ẹ forí jì mí o, n kì í ṣe ọdẹ, ọkọ mi ló fi mí sínú ẹgbẹ́ yìí. Kí ló dé tí ẹ ò lè ra ẹran ní ṣọ́ọ̀bù? Gbogbo owó yìí nítorí ẹran tó wà ní orí òkè?

Àkànní Houston:
Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Aya wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìbọn.

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Mo ti dè skóòpù dáadáa, ìdè oníwọ̀n ni mo lò. Ọta 6.5 PRC ni ìbọn náà ń jẹ. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbé ìbọn tó wúwo, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí à ń lọ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ, orúnkún mi ọ̀tún ò gbádùn láti ìgbà tí mo ti ń gbé aláìsàn. Gbogbo pọ́ùn kan tí mo bá yọ, orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n.

Ìyìn mẹ́wàá ni mo yìn tẹ̀léra. Èmi ni mo ki ọta náà, mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Kì í ṣe àìmọ̀ ni mo fi ń ṣe é.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Ìyìn mẹ́wàá tẹ̀léra! Bárẹ́ẹ̀lì ìbọn fẹ́ẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí gègé, bó bá ti gbóná, ọta á máa rìn gbéregbère. Mẹ́ta lẹ yìn, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ mu omi, kí ẹ tó tún yìn ín. Ìyẹn lè jẹ́ díẹ̀ nínú ínǹṣì 4 yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ò dáhùn mi. Ìwé wo? Práímà ń kọ́?

Adéṣọlá NC:
Ṣé gríìn káàdì lẹ ní? Ẹni tó wà lórí físà lásán ní òfin tirẹ̀ nípa ìbọn o, láísẹ́ńsì ọdẹ ní í fi í...

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ni mí láti 2016. Ẹ má gbé mi lọ síbi tí n kò lọ.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan. Nílé, ní Òkè-Ògùn, gbogbo ọdẹ ṣakabùlà ló ń ki ìbọn rẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ̀tù á wọlé láti ẹnu ìbọn, ìdì á tẹ̀ lé e, ọta á tẹ̀ lé ìdì, wọ́n á fi ọ̀pá gún un. Àbúrò bàbá mi mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ. Ojú àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wọn ẹ̀tù. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ pa ẹfọ̀n, ó ní ẹ̀tù ojoojúmọ́ ò ní tó, ó fi ìdajì kún un. Ìbọn fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ló kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀ títí ó fi kú. Mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá a ṣí ìgò omi.

Ẹ dá Ìyá Ọdẹ lóhùn.

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Ó dáa. Práímà tẹ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Àmì róbótó kan tó ń dán tún wà lára ìdí idẹ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Ní ti ìwé, kì í ṣe ìwé ilé-iṣẹ́ ni mo lò. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Idaho ló fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. 6.5 PRC kan náà ni òun náà ní, orí ọta gréènì 140 kan náà (gréènì ni a fi ń wọn bó ṣe wúwo), ó fi pa elk méjì lọ́dún tó kọjá. Kí ni mo fẹ́ tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ fún nígbà tí ẹlòmíràn ti ṣe iṣẹ́ náà tán? Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀, èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ jù, tó fa igi sí nídìí, ni mo mú.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Ẹ MÁ YÌN ÍN MỌ́. Ẹ gbé ìbọn náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe. Òun ló ń ṣe ìbọn yín. Práímà tó tẹ́, àmì tó ń dán, bóòtù tí ẹ ń gbá: ìfúnpá ti ga ju ohun tí ó yẹ lọ. Pọ́ùn 65,000 lórí ojú ínǹṣì kan ni òpin tí wọ́n fi sí 6.5 PRC, ojú yín ò sì jìnnà sí ẹnu ibi tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Kò sí àìmọ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Kọ́lá ọmọ Òkèhò:
Áà. Mo kó síkúrúù mi padà.

Àkànní Houston:
Ẹ má dẹ́rù bà á jù. Ogún ọdún ni mo ti ń ki ọta tó le, bóòtù mi máa ń le díẹ̀ nígbà ooru, kò sí ohun tó ṣe mí.

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò bàbá mi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún.

Àkànní Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ṣakabùlà kọ́ là ń sọ. Irin ìsinsìnyí yàtọ̀.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Bọ̀dá Àkànní, irin yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ẹ̀tù míì máa ń gbóná kọjá bó ṣe yẹ nígbà tí oòrùn Texas bá mú un. Ọta tó wà létí òpin ní òtútù á kọjá òpin ní ọ̀sán. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ ná, ti nọ́ọ̀sì ló wà lórí iná.

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Gígùn ọta láti ìdí dé ṣóńṣó, ta ló ní kí ó rí bẹ́ẹ̀? Orí ọta yín àti ti àna yín, ṣé ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n?

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Gígùn inú ìwé náà ni mo lò, mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, kò yẹ̀ rárá. Ó ju ínǹṣì 2.955 lọ, ṣùgbọ́n ó wọ mágásíìnì mi dáadáa.

Irú orí ọta tirẹ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé ibẹ̀. Òmíràn ni mo rà. Gréènì 140 náà ni. Gréènì kì í ha í ṣe gréènì ni?

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Ó tán. Ibẹ̀ gan-an ni.

2.955 yẹn ni gígùn tó pọ̀ jù tí wọ́n fi lélẹ̀ fún irú ọta yẹn. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọn inú ìbọn tirẹ̀. Mo fẹ́ dá a lé e pé wọ́n gbẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ìbọn àna yín, àyè iwájú ọta nínú bárẹ́ẹ̀lì, gùn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ẹ bi í.

Ìwọ̀n gréènì kan náà kì í sọ ọta méjì di ìbejì. Ọ̀kan á tín-ín-rín lẹ́nu bí ẹnu àkókó, èkejì á yọ ikùn níwájú. Bí ẹ bá gbé méjèèjì sí gígùn kan náà, oníkùn á ti dé ojú ìlà inú bárẹ́ẹ̀lì, àwọn ìlà tó ń yí ọta, nígbà tí tín-ín-rín ṣì ní àyè níwájú. Ẹ fi agbára bóòtù tì í wọ inú ìlà, ó há. Ìdí nìyẹn tí orí ọta fi dúró sínú bárẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀tù fi dà sórí tábìlì ìyàwó yín. Tábìlì yẹn ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún yín, ẹ ò gbọ́.

Ọta tó há bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ìfúnpá yára gòkè. Ẹ wá fi ẹ̀tù ìlà ìkẹyìn kún un.

Kọ́lá ọmọ Òkèhò:
Ẹ ṣeun, mà. Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn ọ̀nà ọ̀fun náà? Èmi náà fẹ́ mọ̀.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Irinṣẹ́ wà fún un, kò wọ́n. Èmi nígbà tí n kò tíì ní i: mo mú ìkarahun kan tí a ti yìn nínú ìbọn náà gan-an, mo la ọrùn rẹ̀ díẹ̀ kó lè di ọta mú wọ́ọ́rọ́, kò sí ẹ̀tù, kò sí práímà. Mo ki ọta náà sí i kó gùn jù, mo rọra ti bóòtù, ìlà bárẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á tì í padà. Mo rọra yọ ọ́, mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ṣe é kí n tó gbà á gbọ́. Ibi tó bá dá dúró ni ojú ìlà fún ọta yẹn nìkan, nínú ìbọn yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fà á sẹ́yìn, gígùn inú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọta sì dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ ìwé wọn. Ẹ máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wo práímà. Bí bóòtù bá ti le, ẹ padà sẹ́yìn.

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Mo pè é. Òótọ́ ni. Ẹni tó kọ́ ìbọn rẹ̀ gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀ gùn, ó ní òun rò pé òun ti sọ fún mi. Kò sọ fún mi o! Kò sì sí nínú ìwé náà.

Títí Maryland:
Ẹ bi í léèrè nígbà tí ẹ ń gba ìwé?

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
(Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà.) Mo wọ̀n ọ́n. Ọta mi ti wọ inú ìlà tipẹ́tipẹ́ kí bóòtù tó ti tán. Mo ra ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọta, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta, mo ń dúró kó tutù. Ìka kan ni mo fi ń ṣí bóòtù báyìí. Ó wá sí ínǹṣì kan àti díẹ̀. Kọ́bọ̀ kò bò ó, ṣùgbọ́n elk kì í ṣe kọ́bọ̀.

Ìyá Ọdẹ (Minnesota):
Ẹ kú oríire. Bí ẹ bá dé òkè Colorado, ẹ tún un yìn kí ẹ tó wọgbó. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọta kì í wálẹ̀ bíi ti Dallas bó bá jìnnà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lẹ ń wọ̀, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú nípa ọta, ọ̀pọ̀ wọn ò gbà ju pọ́ùn 11 lọ. Àwọn ọta àtijọ́ yẹn, mélòó ló kù?

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Méjìdínlógójì. Wọ́n wà nínú àpótí, mo ti kọ MÁ YÌN sí i lára.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ tú wọn palẹ̀ lónìí. Ọmọ ò mọ ìwé kà nígbà tí ojú bá ń kán an.

Ọmọ Ṣakí (Dallas):
Ẹ̀gbọ́n, mo ń tú u lọ́wọ́. Nínú gáréèjì ni o, kì í ṣe lórí tábìlì.