Ìdáhùn: “Agbàná” kò bá òfin ohùn mu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa ti àná. Wọ́n ní bátìrì fólítì 9 tí mítà àyẹ̀wò wáyà àwọn ń jẹ ti sú àwọn, àwọn wá fọwọ́ ara àwọn to ẹ̀rọ kékeré kan tí mítà náà yóò fi máa lo iná ilé, àwọn sì sọ ọ́ ní “agbàná”. Akitiyan wọn wú mi lórí. Orúkọ yẹn ni mi ò lè gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan olóhùn ìsàlẹ̀, bíi “gbà”, kì í gbé ohùn rẹ̀ dé iwájú àbọ̀ (ohun tí a ṣe ìṣe náà sí) tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. “Mo gba owó” la ń wí, kò sẹ́ni tó ń wí pé “mo gbà owó”. Ibẹ̀ ni agbowó ti wá. Níbo wá ni “gbà” inú “agbàná” ti rí ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀? Wọ́n ní àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, kó má baà di “agbaná”. Ẹ̀rù tó bà wọ́n yẹn gan-an ni ẹjọ́ mi! “Agbaná” ni gírámà máa bí, ohun tó bá sì gbaná ń jó ni. Ilé gbaná. Aṣọ gbaná. Ta ló fẹ́ fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ẹ̀rọ orí tábìlì rẹ̀?

Ẹni tó gbè wọ́n lẹ́yìn fa “amúnáwá” àti “panápaná” yọ. “Mú” àti “pa” kì í ṣe olóhùn ìsàlẹ̀, kò kan ẹjọ́ yìí rárá. Ó tún ní òun gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Mo kí i, ṣùgbọ́n oyè kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ sí ibi tí èdè ti lé e kúrò.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bí iná ilé bá jẹ́ fólítì 230, tiransifọ́mà á rọ̀ ọ́ sí 12, dáyóòdù mẹ́rin á sọ ọ́ di iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, kapásítọ̀ ńlá á tẹ́ ìgbì rẹ̀, 7809, èròjà kékeré tó ń mú kí fólítì dúró sójú kan, á wá dì í mú sórí fólítì 9. (Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ iye fólítì: 7805 fún 5, 7812 fún 12. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ í sọ.) Gbígbà ló kéré jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Yíya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé ló ṣe kókó. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní àtúnṣe rédíò kò kàwé lọ títí, “alárinà” ló ń pe tiransifọ́mà: ó ń jíṣẹ́ láàárín wáyà méjì tí kò fara kan ara wọn. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyí. Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ kò ní tiransifọ́mà, kapásítọ̀ lásán ni wọ́n fi ń dín iná kù. Bátìrì kò bá iná ilé tan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọkàn balẹ̀ di mítà mú. Bí wọ́n bá lo àwòrán yẹn, ẹnu COM mítà (ihò tí wáyà dúdú rẹ̀ ń wọ̀) ti so mọ́ iná ilé nìyẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà rẹ̀ lè kú. Kí wọ́n fi tiransifọ́mà sí i, kí fíúsì wà níbi tí iná ti ń wọlé, kí wọ́n má sì so ìhà òdì fólítì 9 náà mọ́ wáyà ilẹ̀.

Ní tèmi, “arọ́pò-bátìrì” ni. Bí arọ́pò-orúkọ ṣe ń dúró ní àyè ọ̀rọ̀-orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí ń dúró ní àyè bátìrì, “rọ́” sì jẹ́ olóhùn òkè, kò sí ìjà ohùn níbẹ̀.

Ẹni tó ní ká máa pe mítà ní “òdíwọ̀n” náà: iye tí a fi ń wọn nǹkan ni òdíwọ̀n, kì í ṣe irinṣẹ́. Mo ti wí èyí nígbà tí a ń jiyàn lórí “òṣùwọ̀n”, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mo ṣì ń retí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ kí àwọn ọmọdé tó máa to ti àkọ́kọ́.