Irú ẹ̀rọ léésà wo ni kí n rà fún ọdẹ àgbọ̀nrín?

Olùbéèrè (Georgia): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọrun compound, ìyẹn ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lórí, ni mo fi ń dẹ àgbọ̀nrín láti oṣù September, kí n tó mú ìbọn nígbà tí àsìkò tirẹ̀ bá dé. Orí ẹ̀gùn, ní nǹkan bí 20 ẹsẹ̀ bàtà sókè láàárín igi páìnì, ni mo máa ń jókòó sí, igbó ibẹ̀ sì dí. Ojú lásán ni mo fi ń díwọ̀n bí ẹran ṣe jìnnà tó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ra rangefinder báyìí, ìyẹn ẹ̀rọ léésà tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, kò sì yẹ kí owó rẹ̀ kọjá 300 dọ́là. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀kan pé ó lè wọn 1,000 yáàdì, wọ́n kọ 2,000 sára èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbá gọ́ọ̀fù sì ní kí n wá gba tòun lọ́fẹ̀ẹ́. Èwo ni kí n mú?

Àgbà Ọdẹ (Texas): Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn ọ́. Ohun tó ń dán, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, ni wọ́n fi ń wọn 1,000 yáàdì yẹn. Ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán tí ojú kò rí, ó sì ń ka àkókò tí ìtànṣán náà fi lọ tó fi bọ̀. Awọ àgbọ̀nrín kì í dán, díẹ̀ ló ń dá padà, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà lè má rí ẹran kọjá ìdajì iye tí wọ́n kọ, pàápàá bí oòrùn bá mú tàbí bí kùrukùru bá bolẹ̀. Ìwọ tí o kò ní ta ọfà kọjá 40 yáàdì, tí igbó kò sì ní jẹ́ kí o ríran jìnnà pẹ̀lú ìbọn, kí lo fẹ́ fi 2,000 ṣe?

Ojú ẹ̀rọ náà ni kí o sanwó lé. Òfin Georgia gba ọdẹ láyè láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, àsìkò wọ̀nyẹn gan-an sì ni àgbọ̀nrín ń rìn. Bí ẹ̀rọ bá ń fi àwọ̀ dúdú kọ nọ́ńbà, tí o gbé e sójú ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà dúdú ni yóò wà lórí ẹran tó ti ṣú dúdú nínú òjìji igi, o kò sì ní mọ̀ bóyá 23 ni tàbí 28. Èyí tó ń fi iná pupa kọ ọ́ ni kí o rà, kí o sì rí i dájú pé a lè dín iná náà kù.

Ìyá Ìbejì (Colorado): Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa iná pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kún un, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣírò bí ojú ọ̀nà ṣe dà mọ́ iye yáàdì, nítorí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti fi í gbówó lé ọjà. Bí ẹran bá wà ní 20 yáàdì sí ìdí igi tí ẹ wà lórí rẹ̀, ọ̀nà tààrà láti ojú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ ju 21 lọ. Yáàdì kan péré kò tó ohun tí à ń náwó lé lórí. Ní orí òkè tiwa níbí ló ti di ọ̀ràn, nítorí elk, irú àgbọ̀nrín ńlá kan, tó wà ní 300 yáàdì ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dà tó 30 dígírì, bí ẹni tó wà ní 260 ni a ó ṣe yìnbọn sí i. Bí òtútù bá mú, ẹ fi bátìrì ẹ̀rọ náà sínú àpò abẹ́ aṣọ kí agbára rẹ̀ má bàa tètè tán.

Ọdẹ Alabama: Ẹ fi ẹ̀rọ gọ́ọ̀fù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ohun tó bá wà níwájú, ìyẹn àsíá tó wà nínú ihò gọ́ọ̀fù, ni wọ́n ṣe é láti mú, kí ó sì fojú fo àwọn igi ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú igbó, ewé àti ẹ̀ka ló wà níwájú, ẹran ló wà lẹ́yìn, nítorí náà èyí tí a lè yí sí ohun tó jìnnà jù ni kí ẹ béèrè fún. Bí ọfà yín bá ń sáré ní 280 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ̀rọ sọ pé 30 yáàdì nígbà tí ẹran wà ní 40, ọfà náà yóò bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn tó bí ínǹṣì 9. Ẹsẹ̀ ni yóò bà, ẹran yóò sì gbé ọgbẹ́ wọ igbó lọ.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé ẹran tó ti sún mọ́ tòsí kò ní rí ọwọ́ mi bí mo bá ń gbé ẹ̀rọ sójú?

Àgbà Ọdẹ (Texas): Yóò rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí o dúró de ẹran kí o tó wọn ọ̀nà. Bí o bá ti gun ẹ̀gùn, tí ojú ilẹ̀ sì ń mọ́, wọn igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí ọ ká, àti kùkùté tó wà lójú ọ̀nà ẹran, kí o há iye wọn sórí, kí o sì fi ẹ̀rọ náà sápò. Nígbà tí àgbọ̀nrín bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọrun nìkan ni ọwọ́ rẹ yóò gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ara ọrun fún ọ, wo ìwé òfin ọdẹ ìpínlẹ̀ rẹ ná, nítorí kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbà á.