Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn àtijọ́: báwo lẹ ṣe dá tiyín mọ̀, èló ló sì tọ́ sí i?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Sheffield

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí ọ̀bẹ tí àwọn sójà máa ń fi sẹ́nu ìbọn. Owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ní ọjà àlòkù, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ wà lára irin náà gan-an, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Èyí tí mo mọ̀ jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Pattern 1907, tó ń bá Lee-Enfield, ìbọn àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, rìn. Ojú rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 17. Ìlú tí mò ń gbé yìí wà lára ibi tí wọ́n ti rọ ọ́: ilé iṣẹ́ Sanderson rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu lásìkò ogun 1914 sí 1918.

Láìpẹ́ yìí mo bá bàbá òyìnbó kan tó tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì. Ó kọ ọ́ sórí páálí pé 1907 ni wọ́n rọ ọ́, owó tó sì bù lé e kọjá àfẹnusọ. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo fà á yọ nínú àkọ̀, mo yí i síbi ìmọ́lẹ̀, mo wo ìdí ojú ọ̀bẹ náà níbi tó ti fẹ́ wọ èèkù. Mo rí adé, mo rí GR tó dúró fún ọba George, mo rí 1907, mo rí 10 '17 àti orúkọ Sanderson. Ẹ gbọ́ o: gbogbo ọ̀bẹ irú yìí ló ní 1907 lára, torí ọdún tí wọ́n fi sọ àwòṣe rẹ̀ lórúkọ nìyẹn. 10 '17 ló ń sọ ìgbà tí wọ́n rọ eléyìí, oṣù kẹwàá ọdún 1917.

Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àmì ọfà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń sàmì sí ohun ìní rẹ̀ wà níbẹ̀. X kan wà tó ń sọ pé wọ́n ti tẹ irin náà wò, kò sì dá. Àwọn adé wínníwínní ti àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò náà wà níbẹ̀. Wọ́n lu ihò kan sí ìdí èèkù kí ẹrẹ̀ lè ráyè jáde. 1916 ni ihò yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lu ú sí ọ̀pọ̀ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo ṣàlàyé fún bàbá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbà, ó sì tà á fún mi ní £95. Ojúlówó ni, àkọ̀ aláwọ rẹ̀ kò sán. Owó yẹn tọ́ sí i.

Èyí tó ń pa owó gidi ni èyí tí irin ìdábùú rẹ̀ tẹ̀, tó di ìwọ̀. Ní 1913 ni Gẹ̀ẹ́sì jáwọ́ nínú ìwọ̀ náà, wọ́n sì gé e kúrò lára púpọ̀ nínú àwọn tó padà sọ́wọ́ wọn. Ìdí tó fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn, ìdí tí àwọn oníjìbìtì fi ń jó ìwọ̀ mọ́ ọ̀bẹ lásán náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ìwọ̀ lára ọ̀bẹ Sanderson tí wọ́n tẹ '17 sí, ẹ gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wé e dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e délé tààrà. Òfin kò gbà kéèyàn máa mú un kiri ìgboro láìnídìí.

Àbíkẹ́yìn, Òṣogbo

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Tiwa kò ní ojú ọ̀bẹ rárá. Irin ṣóńṣó ni, bí ínǹṣì mẹ́jọ, ìdí rẹ̀ ní ihò tó ń wọ ẹnu ìbọn. Bàbá bàbá mi ló mú un bọ̀ láti Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ojúbọ Ògún ilé wa ló wà láti ìgbà náà, láàárín ọkọ́ àti òòlù, epo pupa ti gbẹ lé e lórí ní ìpele ìpele. Ẹnì kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ ní òun á gbé e lọ fún wẹ́dà kó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kó lè dán. Àwọn àgbà ilé kọ̀ jálẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, mo fi aṣọ nu ìdí rẹ̀ nìkan, mo rí No 4 Mk I. Irin náà ní igun mẹ́rin bí àgbélébùú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Sheffield

Àbúrò mi, kí àwọn àgbà yẹn pẹ́ fún yín. Ilé iṣẹ́ Singer ní Clydebank, Scotland, ló ṣe Mk I oníigun mẹ́rin, Singer kan náà tí àwọn télọ̀ wa ń fi máṣíìnì rẹ̀ ránṣọ. Ó ṣọ̀wọ́n ju Mk II, ẹ̀dà kejì tó rí roboto, lọ fíìfíì. Owó kékeré ni wọ́n ń ta ìyẹn níbí.

Ṣùgbọ́n irin kò lè dá jẹ́rìí pé òun dé Bọ́mà. Wá ìwé tí wọ́n fi dá bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sójà, wá àmì ẹ̀yẹ Burma Star, wá fọ́tò. Tó o bá rí aláǹtakùn dúdú lápá aṣọ bàbá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Division 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn; ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni ti 82. Kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, nítorí ẹni tó bá máa sanwó gidi, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè. Má jẹ́ kí sánpépà kàn án, má sì ha epo yẹn kúrò. Bó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní tà á rárá.

Ará Houston

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Amẹ́ríkà kún un. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn tiwọn kan tó ń jẹ́ M1905, ínǹṣì 16 ni ojú rẹ̀. Níbi ìpàtẹ ìbọn kan, mo bá ọ̀kan tó ku ínǹṣì 10. Ẹni tó ń tà á ní wọ́n ti gé e bà jẹ́, ló bá tà á fún mi ní ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ológun fúnra wọn ló ní kí wọ́n gé e nígbà ogun Hitler, torí ó gùn jù. Ohun tí mo fi dá a mọ̀ ni pé kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ lọ títí wọ ṣóńṣó. Lára M1 tí wọ́n rọ ní ínǹṣì 10 láti ìbẹ̀rẹ̀, kòtò yẹn máa ń tán kó tó débẹ̀. OL ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí tèmi: Oneida, àwọn tó ń ṣe ṣíbí ìjẹun. UFH ni ti Union Fork & Hoe, àwọn tó ń ṣe ọkọ́.

Èyí tí wọn kò gé ló wọ́n jù. Ẹ yẹ àkọ̀ wò pẹ̀lú: M3 ni ti oní-ínǹṣì 16, M7 ni ti 10. Ẹni tó bá ní èyí tí Springfield, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Amẹ́ríkà, rọ, tí SA wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi fọ́tò ìdí rẹ̀ síbí, mo fẹ́ fi wé ọ̀kan tí wọ́n ń tà fún mi.