Ẹ bá mi wo géèmù chess àbúrò mi yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ chess, òun ló lo dúdú, wọ́n sì nà án wàrà-wàrà, ó wá ní kí n sọ ibi tó ti bàjẹ́ fóun, mi ò sì fẹ́ kó sú u. Bó ṣe lọ rèé (N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, Q ni ayaba, K ni ọba, èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá ni pawn, ìyẹn ọmọ ogun kékeré; e4 àti irú ẹ̀ jẹ́ orúkọ àyè lórí pátákó, x ni pé ó jẹ nǹkan, + ni pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọba; funfun ló ń ṣíwájú ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, dúdú á tẹ̀ lé e): 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bc4 Nf6 4.Ng5 d5 5.exd5 Nxd5 6.Nxf7 Kxf7 7.Qf3+ Ke6 8.Nc3. Ibẹ̀ ló ti dàrú pátápátá.

— Ẹ kọ́kọ́ yìn ín fún d5 yẹn jàre, ó dáa. 5...Nxd5 (ìyẹn ìgbésẹ̀ karùn-ún ti dúdú) ló kó o sí wàhálà, torí ẹṣin funfun kàn wọ f7 ni, ó dojú kọ ayaba àti rook (ilé ìṣọ́ tó wà ní igun) lẹ́ẹ̀kan náà, ọba wá jẹ ẹ́, ló bá di ẹni tí wọ́n ń lé káàkiri. Na5 ni kó gbé, kó fi lé bíṣọ́ọ̀bù yẹn. 6.Bb5+ c6 7.dxc6 bxc6, pawn kan lọ lóòótọ́ àmọ́ àwọn tiẹ̀ á tètè jáde.

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sọ Na5 fún un o! Ẹ bi í pé kí ni funfun ń wá ní g5, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé f7 ni, ṣebí ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Lichess, ìkànnì chess orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á fún un lésì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò ní bi í pé kí ló ń rò.

— Ke6 yẹn náà, ẹ yìn ín. Ká ní ó sá lọ sí g8 ni, Bxd5+, ó parí.

— Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bi í, ó ní òun ò tiẹ̀ wo f7 rárá, pawn òun lòun fẹ́ gbà padà 😂