Kí ni H tó wà lára ṣọ́ọ̀kù iwájú alùpùpù Triumph àtijọ́ yìí?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ra ṣọ́ọ̀kù iwájú àlòkù kan ní Birmingham, wọ́n ní ti Triumph ni, ìgbà tí mo fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì kúrò lára ẹ̀ ni mo rí H àti nọ́ńbà mẹ́rin, kí nìyẹn?

— H ni wọ́n fi ń ṣáájú nọ́ńbà páàtì ṣọ́ọ̀kù nígbà yẹn, E ni ti ẹ́ńjìnì, T ni ti gíà. Nígbà tó yá wọ́n yí H sí 97, nọ́ńbà tó kù ò yí padà, torí ẹ̀ 97 ni kó o wá nínú ìwé páàtì.

— Òótọ́ ni o, àmọ́ nọ́ńbà tó bá wú síta lára irin lè jẹ́ ti mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi rọ ọ́, kì í ṣe ti páàtì rárá. Kọ́kọ́ fi kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọn ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù yẹn kó o tó náwó.

— Má sì fi sáńpépà ha á jàre!